Ọkùnrin Tó Ń Ṣáájú Wa Lójú Ọ̀nà Etíkun

N kì í mu ọtí kí n tó wa ọkọ̀, n kì í sì í lá àlá lójú oòrùn. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ìṣojú mi ló sì ti ṣẹlẹ̀; ọjọ́ méjì péré nínú oṣù kẹsàn-án ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá èmi àti Màámi sọ̀rọ̀ lọ́nà ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi wọ́n.

Garbiñe lorúkọ mi. Ilé Armendi ni wọ́n bí mi sí, lórí òkè ní Ea, ìlú kékeré kan létí òkun. Lọ́dọ̀ wa, ilé ló ń sọ ènìyàn lórúkọ. Bí o bá bi ará ìlú pé ta ni mí, kò ní pe orúkọ bàbá mi. Yóò ní, "Ti Armendi ni."

Eustakio lorúkọ bàbá mi. Wọ́n bá ọkọ̀ apẹja jáde nínú oṣù kìíní, ọkọ̀ náà kò sì padà mọ́. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí nígbà náà. Àwọn tó wá a ò rí pákó ọkọ̀ náà kan, wọn ò rí fìlà ẹnì kan.

Bí olórí ilé bá kú ní ilẹ̀ wa, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ súnmọ́ jù lọ ní iṣẹ́ kan tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a ṣe. Yóò lọ sídìí àwọn ilé oyin tó wà nínú ọgbà ilé náà, yóò fi ìka kàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì sọ fún àwọn oyin jẹ́jẹ́ pé ẹni tó ni yín ti kú. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún àwọn màlúù. Ìgbà tó bá sọ ọ́ tán ni òkú náà tó kú. Bí kò bá tíì sọ ọ́, a kì í ka ikú náà sí ikú.

Praxku ni aládùúgbò wa. Ó wá ní ọjọ́ kejìlá, ó ti wọ aṣọ dúdú. Màámi dúró sẹ́nu géètì, wọ́n mú rékì tí wọ́n fi ń kó koríko dání.

"Praxku, padà."

"Bixenta, iṣẹ́ mi ni mo wá ṣe."

"Ẹni tí kò kú, o ò ní bá mi pa á."

Praxku padà. Ọdún mọ́kànlélógójì kọjá. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún oyin, ẹnikẹ́ni ò san Máàsì, ẹnikẹ́ni ò tan ìda, àbẹ́là òkú, síbi ìjókòó ilé wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi ò wọ dúdú. Alaalẹ́ ni wọ́n ń gbé àwo bàbá mi sórí tábìlì. A ò sì lè ṣe ìnáwó kankan nínú ilé, nítorí pé bàbá ilé kò sí nílé. Ọkùnrin méjì ló fẹ́ fẹ́ mi. Àwọn méjèèjì dúró títí ó fi sú wọn. Èkejì ti wà ní Bilbao báyìí, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Mi ò bínú sí Màámi. Irọ́ ni. Mo bínú.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Praxku aládùúgbò wa, tí èmi ń pè ní Bàbá Praxku, ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, wọn ò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ àfi kí wọ́n gbé wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Màámi.

"Bixenta, mi ò fẹ́ lọ bá Ọlọ́run tòun ti iṣẹ́ tí mi ò ṣe. Jẹ́ kí n sọ fún oyin."

Màámi ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, wọ́n fèsì níwájú èmi àti gbogbo ará ilé Praxku.

"Garbiñe á fi ọkọ̀ gbé mi gba etíkun, láti Hondarribia wá sílé. Gbogbo èbúté tí Eustakio ti máa ń já ẹja ni n ó dé. N ó béèrè rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rí i, Praxku, ní ọjọ́ Àìkú, wá sọ fún oyin. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹnì kan bá rí i, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ikú rẹ̀ fún mi mọ́ títí n ó fi wọlẹ̀."

Mo ní ó dára. Ta ló máa rí i? Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ ọkọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a ti wà ní Hondarribia. Màámi bá àwọn àgbà tó jókòó sétí omi sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. A gun òkè Jaizkibel, níbi tí ọ̀nà ti ń gba orí òkè lọ, tí òkun wà nísàlẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn ẹṣin ń jẹko bí ẹni pé ilẹ̀ bàbá wọn ni. Àti kékeré ni mo ti ń rí òkun yìí. Síbẹ̀, mo dá ọkọ̀ dúró. Omi náà tẹ́ lọ láìlópin, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ síra níbi mẹ́ta, oòrùn ń dán lórí rẹ̀. Ó dára ju ohun tí ẹnu lè sọ.

"Wò ó," ni Màámi wí. "Ó rẹwà. Olè ni, ṣùgbọ́n ó rẹwà."

Ní Pasaia, Màámi bi ọlọ́kọ̀ ojú omi. Kò rí i. Ní Orio, wọ́n bi àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe, torí pé iṣẹ́ àwọ̀n títúnṣe ni Màámi náà ṣe nígbà èwe wọn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín.

"Màmá, wọn ò tíì bí èmi gan-an nígbà tó lọ."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bíbéèrè ni mò ń béèrè."

Mo ń ka àwọn èbúté náà lọ́kàn bí ọmọ iléèwé tó ń ka ọjọ́ ìsinmi. Mẹ́ta ti lọ. Mo ra wàràkàṣì àti ápù, a jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, a ṣí fèrèsé sílẹ̀. Màámi ń sọ ìtàn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń jó nígbà èwe wọn. Mi ò mọ̀ pé bàbá mi ò mọ ijó rárá, pé ẹsẹ̀ Màámi ló máa ń tẹ̀. Mo fẹ́ràn Màámi lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe fẹ́ràn wọn rí lọ.

Ọ̀sán la dé Getaria. Ojú títì gan-an ni wọ́n ti ń sun ẹja níbẹ̀, lórí ẹyín iná, èéfín rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò. Terexa lorúkọ obìnrin tó wà nídìí iná. Màámi lọ bá a.

"Ọmọ mi, ṣé o rí Eustakio, ti Armendi, ní Ea?"

Terexa ò gbójú sókè. Ó ń yí ẹja.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, Màmá."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré. Inú bí mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àgbàlagbà ṣẹ̀fẹ̀."

"Ẹ̀fẹ̀ kẹ̀? Tábìlì ẹ̀ rèé. Mi ò tíì palẹ̀ ẹ̀ mọ́."

A wo tábìlì náà. Àwo kan wà lórí rẹ̀. Ẹni tó jẹun níbẹ̀ ti to egungun ẹja sí etí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó gùn jù níwájú, èyí tó kéré jù lẹ́yìn. "Bí Eustakio ṣe máa ń to egungun nìyẹn," ni Màámi wí. Àga náà tutù rinrin. Omi ti ṣàn láti abẹ́ rẹ̀ dé ojú títì. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi fi ìka kàn án, tí mo tọ́ ọ wò. Omi iyọ̀ ni.

"Báwo ló ṣe rí?" ni Màámi bi í.

"Ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù. Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó ní ìyàwó òun ń bọ̀ lẹ́yìn, kí n sọ fún un pé kó má sáré, pé ẹsẹ̀ ń dùn ún." Terexa wá gbójú sókè, ó wo Màámi láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin nìyàwó ọ̀hún? Háà, Màmá. Ẹ mà ń gbádùn o."

Màámi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Màámi.

Nínú ọkọ̀, wọ́n fa dígí iwájú wálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun wọn.

"Ó máa rí i pé mo ti gbó."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ńlá. Wákàtí kan, a ti délé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Ọjà kọ́ ni mò ń lọ."

Mo wa ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọgbà àjàrà wà lókè, òkun wà nísàlẹ̀, ìgbì ń fọ́n omi sára ògiri ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ṣì rẹwà. Ṣùgbọ́n mò ń rò ó pé ẹnì kan ti rí i. Ọjọ́ Àìkú mi ti bọ́. Màámi á tún gbé àwo sórí tábìlì títí wọn á fi kú, èmi náà á sì jókòó tì wọ́n.

Zumaia la sùn. Ní àárọ̀ Ẹtì, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi àwọn àpáta tó tò lé ara wọn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tó nà wọ inú òkun lọ. Wọ́n ní ọdún tí a ò lè kà ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ariwo. A ò gbọ́ ìgbì, a ò gbọ́ ẹyẹ. Àfi ìró ìgbálẹ̀. Bàbá arúgbó kan ń gbá àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lókè ibẹ̀. Màámi bi í ní ìbéèrè wọn.

"Ọkùnrin tí ṣòkòtò ẹ̀ tutù yẹn? Ó dúró síbí láàárọ̀. Ó ń wo àpáta."

"Ó bá yín sọ̀rọ̀?"

"Ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Mo ní Ẹtì ni. Ó ní, Ẹtì ti ọdún wo? Mo rẹ́rìn-ín." Bàbá náà fi ara ti ìgbálẹ̀. "Òun ò rẹ́rìn-ín."

Màámi ò ya irun mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n di ọwọ́ mọ́ra wọn. Mo bi wọ́n bóyá òtútù ń mú wọn. Wọ́n ní kí n ṣáà máa wa ọkọ̀.

Ní Mutriku, ilé ọtí kan ló ti ṣí. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ nìkan ló wà. Kọfí kan wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ṣì ń rú èéfín. Màámi ò tíì la ẹnu nígbà tí mo ti rí omi lábẹ́ àga.

"Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó ti jáde. Ó ń bi mí lọ́nà ilé Armendi. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé tí òun bá ti dé ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀nà á kàn dá òun padà sínú omi. Ó ní ó ti ń rẹ òun." Ọmọbìnrin náà dín ohùn rẹ̀ kù. "Àǹtí, ṣé orí ẹ̀ pé?"

Màámi gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì náà.

"Garbiñe, kò mọ̀."

"Kò mọ kí ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mo ti Praxku padà lẹ́nu géètì." Wọ́n ń wo kọfí yẹn. "Èmi ni mo fi í sójú ọ̀nà láti ọjọ́ yìí. Èmi."

Láti kékeré ni mo ti ń wá ọ̀nà tí n ó fi sọ ọ́ fún wọn pé wọ́n ṣe àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, àánú wọn ló ṣe mí.

A gba Ondarroa kọjá láìdúró. Nígbà tí a dé Lekeitio, kùrukùru ti ká, omi sì ti fà sẹ́yìn. Erékùṣù kan wà níwájú ìlú náà. Bí omi bá fà, ọ̀nà olókùúta kan máa ń yọ láàárín òkun, ewé òkun á bò ó, ènìyàn á sì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé erékùṣù náà. Àwọn ará ìlú mọ wákàtí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, omi á ká a mọ́.

Ọkùnrin kan dúró sí ìdajì ọ̀nà náà. Ó wọ ẹ̀wù búlúù.

Mo di Màámi lọ́wọ́ mú.

"Màámi, omi ti fẹ́ máa kún."

"Mo rí i. Mú mi dání kí n má yọ̀ ṣubú."

A sọ̀ kalẹ̀. Etíkun kún fún ènìyàn lẹ́yìn wa, ajá ń gbó, àwọn ọmọdé ń ṣeré. Bí ẹsẹ̀ wa ṣe kan òkúta àkọ́kọ́, mi ò gbọ́ wọn mọ́. Ìró bàtà wa nìkan ni mò ń gbọ́ lórí ewé òkun. Ìṣísẹ̀ bí ogún ló kù sí àárín wa nígbà tó yí ojú padà. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo la ní nílé, kò sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Mi ò mọ̀ títí di ìgbà náà pé ojú rẹ̀ ni mo gbé wá sáyé. Èmi gan-an ni mò ń wò, àfi pé mo ti fi ọdún bíi méje jù ú lọ.

"Bixenta, o pẹ́."

"Ẹsẹ̀ ni."

"Mo gbọ́. Ta nìyí?"

"Ọmọ rẹ ni."

Ó wò mí. "Ọmọ mi ò tíì mọ̀ ọ́n jókòó."

Màámi jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Wọ́n tẹ̀ ba, pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ ṣe ń dùn wọ́n tó, wọ́n sì fi ìka kan òkúta tútù náà lẹ́ẹ̀mẹta, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kan ilé oyin.

"Eustakio, ti Armendi," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Bàbá ilé wa ti kú. Èmi ni mo wá sọ fún ọ."

Ọkùnrin náà ò mira. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Nígbà wo?"

"Oṣù kìíní. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógójì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí o kú."

Ó mi orí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú níwájú àyà, bí àwọn ọkùnrin wa ṣe ń ṣe bí òkú bá ń kọjá. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí èmi. Ó la ẹnu. Ó fẹ́ sọ nǹkan. Bí omi ṣe gba ẹsẹ̀ wa nìyẹn, ó tutù bíi yìnyín, Màámi sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo yí padà, mo gbá wọn mú, mo fà wọ́n títí a fi dé orí iyanrìn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sí ọ̀nà mọ́. Omi ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n fi àga gbé Bàbá Praxku wá sínú ọgbà wa. Bàbá náà kan ilé oyin, wọ́n sọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ. Fadá ṣe Máàsì. Màámi wọ dúdú, wọ́n tan ìda síbi ìjókòó ilé wa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sùn títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ohun tí wọn ò ṣe rí láyé mi. Bàbá Praxku kú lọ́sẹ̀ yẹn, ojú wọn tutù pẹ̀sẹ̀. Kò sí àwo lórí tábìlì mọ́. Mo ti gba ohun tí mò ń fẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ sí Getaria. Mo sọ fún ara mi pé ẹja ni mo fẹ́ lọ jẹ.

Terexa ló kọ́kọ́ rí mi. "Ẹ ò bá a mọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni."

"Kí ló wí?" ni mo bi í.

"Kò dárúkọ ìyàwó mọ́. Ọmọ ẹ̀ ló béèrè. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá a sọ."

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo ń wa ọkọ̀ gba etíkun. Mo ti mọ gbogbo kọ́nà rẹ̀. Mo mọ ibi tí oòrùn ti máa ń kọ́kọ́ kan omi lẹ́yìn Zumaia, mo mọ ìgbà tí àjàrà máa ń pọ́n. Kò sí ọ̀nà tó dára tó o láyé. Mi ò tíì lọ kí wọ́n má sọ fún mi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, Màámi pè mí padà.

"Èmi ti sọ tèmi fún un. Tìẹ ló kù. Bí o bá bá a, sọ fún un, kó lọ sinmi."

"Ẹ̀ẹ́n, Màámi."

Ní Sátidé tó kọjá, ní Ondarroa, obìnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ní èbúté nawọ́ sí orí afárá.

"Bàbá ẹ nìyẹn, ó ń yí kọ́nà lọ yẹn. Sáré, wàá bá a."

Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀wù búlúù náà. Bàbá mi ò jìnnà. Wọn ò yára rìn, wọ́n ń dúró díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ènìyàn. Bí mo bá sáré, n ó bá wọn. Bí mo bá bá wọn, n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá mi sọ, èmi náà á sì ní láti sọ tèmi fún wọn, kí wọ́n lọ sinmi.

Obìnrin náà tún pariwo pé kí n sáré. Mo dá a lóhùn pé mò ń lọ. Mo sì ń rọra rìn.